Owó Tí Kàrímọ́tù Fọ̀

Ilé ìtajà kékeré kan wà ní Sokodé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ńlá tó lọ sí Lomé, níbi tí Sàídù ọmọ Kambolé ti ń ta ẹ̀rọ tó ń kawó. Pàtróòn rẹ̀, ọmọ Kótókólì kan tó sanra tó sì fẹ́ràn oorun ọ̀sán, ló ni ọjà, ṣùgbọ́n Sàídù ló ni ẹnu tí ọjà fi ń tà. Ẹni tó bá wọlé tó ní òun fẹ́ ra ẹ̀rọ, Sàídù kò ní kọ́kọ́ dá iye lé e. Á bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe, á bi í bí owó rẹ̀ ṣe máa ń rí, á ní kó yọ díẹ̀ jáde nínú rẹ̀ kí òun fọwọ́ kàn án.

Nítorí owó kò rí bákan náà lọ́wọ́ gbogbo èèyàn. Owó oníbúrẹ́dì ní ìyẹ̀fun lára, ìyẹ̀fun yẹn á sì dí ojú ẹ̀rọ láìpẹ́ ọjọ́, nítorí náà èyí tó ṣeé ṣí lẹ́yìn, tí wọ́n lè fi búrọ́ọ̀ṣì gbá inú rẹ̀, ló yẹ ẹ́. Owó ẹlẹ́ja tutù, ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ra. Bí ẹ̀rọ bá yára jù, á fa méjì pọ̀, á kà á sí ẹyọ kan, á sì dá ìjà sílẹ̀ láàárín ìyá àti ọmọ. Ẹni tó ń ta epo lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ̀rọ tó kàn ń ka ẹyọ ti tó o. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta màlúù, tí àjèjì ń kó owó gọbọi fún lójú kan, ìyẹn nílò ẹ̀rọ ńlá tó ní iná aláwọ̀ aró nínú, èyí tó ń yẹ inú bébà wò, tó sì máa ń ké bó bá rí ayédèrú. Sàídù mọ gbogbo èyí dunjú. Ó ti lé olówó kan padà sílé rí, ó ní ẹ̀rọ tó fẹ́ rà ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ rẹ̀, Pàtróòn kò sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ pípẹ́. "Ẹ̀rọ tí kò bá bá iṣẹ́ ẹni mu, ọ̀tá ẹni ni." Ohun tó máa ń sọ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dára. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi pamọ́, torí a ó tún padà sórí rẹ̀.

Kàrímọ́tù ló tọ́ ọ dàgbà ní Kambolé. Òun kọ́ ló bí i. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti kú kó tó mọ ojú rẹ̀, nítorí náà Kàrímọ́tù ni ìyá. Obìnrin yìí kò lówó, kò sì ní ọkọ mọ́. Orúkọ ló ní. Láti ìgbà tí àwọn obìnrin oníṣu ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, yàrá rẹ̀ ni àpótí owó ẹgbẹ́ wà. Olórí ẹgbẹ́ ń yí padà, àpótí kò yí padà. Àmánà ni gbogbo ìlú ń pè é, níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, débi pé àwọn ọmọdé kò mọ̀ pé ó ní orúkọ mìíràn. Ọkọ tó bá fẹ́ fi owó pamọ́ kí ìyàwó má rí i, ọ̀dọ̀ Àmánà ló ń gbé e lọ. Ìyàwó tó bá fẹ́ fi pamọ́ kí ọkọ má rí i, ọ̀dọ̀ Àmánà náà ni. Kò sì sí èyí tó gbọ́ ti èkejì lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ó wá ní àṣà kan. Owó oníṣu dọ̀tí: erùpẹ̀ ebè, òógùn, epo, àti ẹ̀gbin gbogbo ọwọ́ tó ti gbà á kọjá. Kàrímọ́tù kò lè gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú yàrá tí Kùránì wà, níbi tó ti ń kírun. Nítorí náà, láàárọ̀ Jímọ̀, bó bá ti wẹ̀ tán, á da owó tó wọlé lọ́sẹ̀ náà sínú abọ́ funfun, á bu omi lé e, á bu ọṣẹ ẹlẹ́bú tí wọ́n fi ń fọ aṣọ funfun sí i, á sì máa rọra fọ̀ ọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ. Á sá a sórí ẹní lábẹ́ òjìji, á fi áyọ́ọ̀nù eléèédú tí kò gbóná jù lọ̀ ọ́, kó tó kó o sínú àpótí. Àwọn oníṣòwò Tchamba mọ owó yẹn. Wọ́n á gbé e sí imú, wọ́n á ní, "Owó Kambolé nìyí." Àwọn ará ilé máa ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé owó Àmánà mọ́ ju jàlàbíà lémọ́mù lọ, òun náà á sì bá wọn rẹ́rìn-ín.

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí ni ayédèrú owó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ àwọn ọjà ẹ̀bá bodè, ojú Kàrímọ́tù sì ti ń ṣú. Àwọn obìnrin bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ lábẹ́lẹ̀. Wọ́n ní Àmánà ti dàgbà. Wọ́n ní ta ló mọ ohun tó ti gbà wọlé. Wọ́n sì ti ń kówó jọ ọjọ́ pẹ́, torí wọ́n fẹ́ ra kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí yóò máa bá wọn kó iṣu lọ sí Tchamba, kí wọ́n yé bẹ àwọn awakọ̀ tó ń já wọn sílẹ̀ bó bá wù wọ́n. Ìyábọ̀, olórí ẹgbẹ́, kò níkà nínú, ṣùgbọ́n kò lè gbọ́ ọ̀rọ̀ kó gbé e mì. Òun ló wọkọ̀ wá bá Sàídù ní Sokodé.

"Sàídù, ọmọ wa, wọ́n ní kí n gba àpótí lọ́wọ́ ìyá rẹ."

"Kí ló ṣe, Ìyá Ẹgbẹ́?"

"Ojú ni. Wọ́n ní kò ríran mọ́, pé ayédèrú owó, fo biyé, lè ti kún inú àpótí kó má mọ̀. Èmi ni mo ní ó tì o, ẹ jẹ́ ká ra masíìnì. Bó bá kà á níwájú gbogbo wa, tí kò bá rí fo kankan, oníkálukú á panu mọ́, àpótí á wà níbi tó wà. Èwo ló yẹ wá?"

Ẹni tó máa ń bi gbogbo èèyàn léèrè kò bi ara rẹ̀ léèrè nǹkan kan. Ẹ̀rọ kékeré tó rọra ń ka ẹyọ ni ì bá tó obìnrin oníṣu. Ká ní àjèjì ni Ìyábọ̀, òun náà ni ì bá gbé fún un. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹgbẹ́ oníṣu ni Sàídù ń rò lọ́jọ́ náà. Àwọn ẹlẹ́nu ló ń rò. Ó fẹ́ ohun tí yóò pa wọ́n lẹ́nu mọ́ títí láé, kí ẹnikẹ́ni má lè tún fi ojú ìyá òun ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Ó gbé ẹ̀rọ ńlá sọ̀kalẹ̀, èyí tó ní iná aró, tó tún ní bátìrì torí pé iná Kambolé kò ṣeé gbọ́kàn lé. Owó tí Ìyábọ̀ mú wá kò tó, ó ní kí Pàtróòn yọ ìyókù nínú owó oṣù òun.

Ó kọ́ Ìyábọ̀ bí wọ́n ṣe ń lò ó. "Bó bá kà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ojúlówó ni. Bó bá ké, tí iná pupa tàn, fo ni."

"Kò lè ṣì í?"

"Masíìnì yìí kì í parọ́, Ìyá Ẹgbẹ́."

Wọ́n dá kíkà owó sí ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Ní alẹ́ Alámìsì, Kàrímọ́tù pe Sàídù lórí fóònù, inú rẹ̀ ń dùn.

"Wọ́n ti gbé e dé o. Ó rẹwà. Mo máa tún gbogbo owó fọ̀ láàárọ̀ ọ̀la, àtìgbà tí mo ti fọ̀ ọ́ pamọ́ ti pẹ́, kí eruku rẹ̀ má lọ ba masíìnì rẹ jẹ́."

"Ẹ ṣeun, Ìyá. Ẹ bu ọṣẹ sí i dáadáa o," Sàídù wí, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà á dé kí wọ́n tó kà á tán.

Láàárọ̀ Jímọ̀ náà, ẹnì kan pe ṣọ́ọ̀bù láti Tchamba. Ṣadé ni, obìnrin tó ń fọṣọ tó sì ń lọṣọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba. Ó ti ra irú ẹ̀rọ ńlá kan náà, ó wá ń pariwo pé gbájúẹ̀ ni wọ́n, pé ẹ̀rọ wọn ń pe owó òun ní fo. Pàtróòn ní kí Sàídù yà wò ó, ó ṣáà ti ń lọ sí ìhà ibẹ̀. Sàídù gun zémì, alùpùpù akérò, ó dé Tchamba nígbà tí oòrùn ti ga.

Ó ṣí ẹ̀rọ, ó gbá a, ó dán an wò. Kò sí ohun tó ṣe é. Ó ki owó Ṣadé bọ̀ ọ́, èyí tó pọ̀ jù kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ̀rọ ké lórí àwọn kan. Ó fa àwọn tó ké yẹn jáde, ó tẹ́ wọn síwájú iná aró lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí kò ké. Èyí tí kò ké dúdú kirikiri lábẹ́ iná. Àwọn tó ké ń tàn yòò.

"Níbo lẹ ti rí àwọn wọ̀nyí?"

"Nínú àpò ṣòkòtò àwọn oníbàárà," Ṣadé dáhùn. "Wọ́n á gbàgbé owó síbẹ̀, èmi náà á gbàgbé láti wò ó, ó di ìgbà tí mo bá fọ̀ ọ́ tán kí n tó rí i. Tèmi ni gbogbo rẹ̀ báyìí, ta ló máa wá béèrè?"

Sàídù yọ owó bébà kan nínú àpò ara rẹ̀, ó kà á nínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kò wí nǹkan kan. Ó rì í bọ inú omi ọṣẹ ẹlẹ́bú tó wà nílẹ̀, ó fọ̀ ọ́ bó ṣe rí Kàrímọ́tù tó ń fọ̀ ọ́ láti kékeré, ó gba áyọ́ọ̀nù lọ́wọ́ Ṣadé, ó lọ̀ ọ́ gbẹ, ó tún kì í bọnú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ ké. Ohun tó wà nínú ọṣẹ tó ń mú kí aṣọ funfun máa tàn lójú oòrùn, òun náà ló ń mú kí owó tàn lábẹ́ iná yẹn. Bí owó bá ṣe mọ́ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ń sá fún un tó.

Ó pe ìyá rẹ̀. Fóònù rẹ̀ ti kú, bó ṣe máa ń kú. Ó pe Ìyábọ̀, ó ń dún, kò gbé e. Wọ́n ti wà ní mọ́sáláṣí. Ó ki owó tó fọ̀ náà bọ àpò, ó sáré jáde, ó fò mọ́ ẹ̀yìn ẹni tó fi zémì gbé e wá.

"Kambolé! Máa sáré, mo máa fi kún owó ẹ!"

Ọ̀nà yẹn kì í ṣe ọ̀nà tí èèyàn ń sáré lórí rẹ̀. Òjò ti gbẹ́ ẹ bí ẹni tó ń wa iṣu. Ní gbogbo ọ̀nà ni Sàídù ń tún ọ̀rọ̀ tí yóò sọ tò: á ní kí wọ́n gbé omi wá, kí wọ́n gbé ọṣẹ wá, kí ẹni tó bá ṣe iyèméjì jùlọ nínú wọn yọ owó tirẹ̀ kó fọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n á rí i. Wọ́n á rẹ́rìn-ín pàápàá. Wọ́n á máa fi pa á láwàdà títí di ọjọ́ ogbó rẹ̀ pé ó ta ẹ̀rọ tó ń bá ọṣẹ jà.

Èéfín ló kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ilé Kàrímọ́tù.

Ìyábọ̀ nìkan ló dúró ti iná náà, ó mú igi lọ́wọ́, ó ń ro eérú tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Àwọn yòókù ti tú ká. Ó rí Sàídù, ó mi orí.

"Má bínú, ọmọ wa. Gbogbo ẹ̀ ni. Láti orí àkọ́kọ́ ló ti ń ké."

"Kí lẹ sun?"

"Kí la ò bá ṣe? Ẹnì kan ní àwọn zandámù, ọlọ́pàá ìjọba, ti ti ọkùnrin kan mọ́lé nítorí fo biyé, pé bí wọ́n bá bá irú èyí lọ́wọ́ wa, gbogbo wa la máa sùn síbẹ̀. Mo ní ká fara balẹ̀, ká dúró dè ẹ́. Ìyá rẹ ni kò gbà. Ó ní ìwọ lo yan masíìnì, ìwọ lo sì ní kì í parọ́. Ó ní harámù ni, kò gbọ́dọ̀ wà nílé òun di ọ̀la. Òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó o dà síbí. Ó ní kí n ṣáná, mo ṣáná."

Ó tún sọ ìyókù. Kàrímọ́tù ti gbé ilẹ̀ tó fi ń dáko, ilẹ̀ kan ṣoṣo tó ní, síta fún títà, kó lè san owó náà padà fún ẹgbẹ́. Àpótí ti lọ sí ilé Kúbúrá, ìyàwó alágbàtà. Àwọn kan ń ṣàánú rẹ̀ pé ojú ló tàn án. Àwọn kan sì ń sọ pé ojú kọ́, pé ó ti kó ojúlówó fún ọmọ tó wà ní Sokodé ó sì fi fo dípò rẹ̀.

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ó fi ata sẹ́nu. Sàídù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó yọ owó tó fọ̀ ní Tchamba jáde, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Ìyábọ̀, ti Ṣadé, ti ọṣẹ, ti iná aró. Kò fi nǹkan kan pamọ́. Kò kọ́kọ́ yé Ìyábọ̀. Nígbà tó yé e, igi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú eérú, ó ń wá bóyá ó ku ẹyọ kan. Kò ku nǹkan kan. Ẹ̀pa ò bóró mọ́.

Ìyábọ̀ yíjú sí Sàídù. Ohùn rẹ̀ ti yí padà.

"Má sọ ọ́."

"Ìyá Ẹgbẹ́?"

"Mo ní má sọ ọ́. Ta ló máa gbà ọ́ gbọ́? Ìwọ lọmọ rẹ̀. Lánàá o ní kì í parọ́, lónìí o ní irọ́ ló pa. Wọ́n á ní o wá fẹnu bo ìyá rẹ láṣìírí. Bí wọ́n bá sì gbà ọ́ gbọ́, wọ́n á ní ta ló ṣáná sí owó gidi, wọ́n á yíjú sí èmi." Ó nu ojú rẹ̀, eérú sì kùn ún. "Òun ńkọ́? Ní báyìí, ó rò pé harámù lòun sun. O fẹ́ lọ sọ fún un pé owó àwọn ọlọ́mọ ló fọwọ́ ara rẹ̀ kó dà sínú iná? Wàláhì, Sàídù, ó máa pa á."

Sàídù rò ó wò. Òótọ́ kò lè dá owó padà, kò sì dájú pé yóò dá orúkọ padà. Ọkàn ìyá rẹ̀ nìkan ló ṣẹ́ kù tí òótọ́ náà lè bà jẹ́. Inú bí i sí Ìyábọ̀, torí ó mọ̀ pé ara tirẹ̀ ni obìnrin náà kọ́kọ́ rò. Síbẹ̀ ohun tó wí kò ṣeé pè ní irọ́.

Ó wọlé. Kàrímọ́tù wà lórí ẹní ìkírun, ó káwọ́ lé orúnkún. Yàrá fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí àpótí ti kúrò. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lórí àga, wọ́n fi aṣọ bò ó. Kò sẹ́ni tó fẹ́ fọwọ́ kàn án mọ́. Abọ́ funfun wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n ti da ojú rẹ̀ dé.

"Sàídù, ṣé ìwọ nìyẹn? Sún mọ́ mi."

Ó dọ̀bálẹ̀, ó sún mọ́ ọn. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ọwọ́ obìnrin náà ṣì ń ta òórùn ọṣẹ.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Ẹ̀rọ rẹ ló gbà mí. Bí kì í bá ṣe òun, ǹ bá kú pẹ̀lú ohun ẹ̀ṣẹ̀ nínú yàrá mi, kí n wá máa ro ẹjọ́ rẹ̀ níwájú Ọlọ́run." Omi bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. "Gbogbo Jímọ̀ ni mò ń fọ̀ ọ́, ọmọ mi. Mi ò mọ̀ pé ohun tí mò ń fọ̀ kò lè mọ́ láéláé."

"Ìyá," Sàídù wí.

"Hẹn?"

Ó ń dúró, ó gbé ojú tí kò ríran dáadáa mọ́ sókè sí i. Sàídù la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó kó owó tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ jáde, owó tó rún, tó dọ̀tí, tó ti gba òógùn lórí zémì. Owó tó fọ̀ ní Tchamba wà láàárín wọn. Ó fi ìka fà á yọ, ó dá a padà sínú àpò.

"Ẹ gba èyí, Ìyá. Ẹ fi ra ata."

Kàrímọ́tù na ọwọ́, ó tún fà á sẹ́yìn.

"Fi masíìnì wò ó ná."

"Èmi ni mo fún yín, Ìyá."

"Mo mọ̀. Fi wò ó ná, jọ̀ọ́."

Sàídù ṣí aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ. Ó tàn án, ó kó owó náà sí i. Ẹ̀rọ kà á lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, kò ké, iná pupa kò tàn. Kàrímọ́tù tẹ́tí títí ó fi dákẹ́, ó sì tújú ká díẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sán.

"Alihamudu lilahi," ó wí. "O rí i? Èyí dáa. Ọlọ́run á bù kún ẹ̀rọ rẹ."

Ó gba owó náà, ó so ó mọ́ etí ìró rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdọ̀tí rẹ̀, kò fọ̀ ọ́.